Ògiri àti Ẹrù: Ìtàn Iye Owó Adójútòfò Ilé àti ti Dúkìá Inú Ilé

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan fara pamọ́ sínú rẹ̀: ta ni ó san owó ẹwà náà? Bí ó bá jẹ́ ilé ọba ni, gbogbo ìlú ni yóò gbé igi, tí yóò gbé okùn, tí yóò sì ru koríko wá. Bí ó bá jẹ́ ilé olùkọ́ tó fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́ ilé kan ṣoṣo ńkọ́? Bí ó bá sì jẹ́ ayálégbé ni, tí ògiri kì í ṣe tirẹ̀, àmọ́ tí ìwé, aṣọ, fìríìjì àti ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú yàrá tó jó, ta ni yóò dá a lóhùn?

Nínú iṣẹ́ yìí, a tọ ipasẹ̀ bí àwọn ènìyàn ṣe dáhùn ìbéèrè náà láti ayé ọ̀wẹ̀ títí dé ayé adójútòfò, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní inṣọ́ránsì. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ilé àti ẹrù inú ilé ti jẹ́ nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí iye owó tí à ń san lórí ọ̀kan kò sì bá ti èkejì dọ́gba. Ẹni tí kò bá mọ ìdí tí wọ́n fi yàtọ̀ kò lè fi iye owó wọn wéra bó ti yẹ. A gbà pé ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí à ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la, nítorí ìtàn, ìṣirò àti ìgbé-ayé ojoojúmọ́ pàdé nínú rẹ̀.

Ọ̀wẹ̀, àárò àti yàrá alájà

Kí páànù tó dé, koríko àti ewé ni wọ́n fi ń bo ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, amọ̀ ni wọ́n sì fi ń mọ ògiri. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ẹta iná kan láti inú ààrò lè jó agbo ilé tán kí omi tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí iná náà ń jẹ. Òrùlé ni ó ń jẹ. Ògiri amọ̀ sábà máa ń dúró, bó tilẹ̀ dúdú. Ohun tí wọ́n ní láti tún ṣe ni igi àjà, okùn àti koríko, èyí tí a lè rí nínú igbó láìná owó púpọ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ jó yóò bẹ ọ̀wẹ̀, yóò wá oúnjẹ àti ẹmu sílẹ̀, àwọn àna, ẹbí, ẹgbẹ́ àti aládùúgbò yóò sì pé jọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, òrùlé tuntun ti dé orí ògiri.

Ẹrù inú ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀wẹ̀ tí ó lè dá aṣọ òfì padà, tàbí owó ẹyọ tó ti di eérú, tàbí irúgbìn tí wọ́n fi pamọ́ de òjò. Ìdí nìyí tí àwọn tó ní ohun ìní fi máa ń fi amọ̀ rẹ́ àjà yàrá kan, kí iná òrùlé má baà já lu ohun tó wà nísàlẹ̀. Yàrá alájà yẹn jẹ́ ẹ̀rí pé àwọn baba wa mọ̀ pé ewu ẹrù yàtọ̀ sí ewu ilé: àwùjọ ló ń gbé òfò ilé, onílé ló ń dáàbò bo ẹrù fúnra rẹ̀.

A ní láti fi ìyàtọ̀ kan hàn níbí, nítorí òun ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú títí dòní. Èésú àti àjọ kì í ṣe adójútòfò. Nínú èésú, owó tí o dá ni o óò kó nígbà tó bá kàn ọ́. Nínú adójútòfò, ẹni tí òfò bá ṣe nìkan ló ń kó. Ẹni tí òfò kò ṣe ti ra ìfọ̀kànbalẹ̀ ọdún kan, kò sì ní gba owó rẹ̀ padà. Ọ̀wẹ̀ ló sún mọ́ adójútòfò jù: bí ilé rẹ kò bá jó láéláé, iṣẹ́ tí o ti bá àwọn ẹlòmíràn ṣe kì í ṣe àdánù. Ẹni tó ń fi ojú èésú wo adójútòfò ni yóò máa sọ pé wọ́n jẹ owó òun.

London lẹ́yìn iná ọdún 1666

Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1666, iná ṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì Thomas Farriner ní òpópónà Pudding Lane ní London. Kí ó tó kú ní ọjọ́ 6, ó ti jó ilé tí ó tó 13,200, ṣọ́ọ̀ṣì 87, àti kàtídírà St Paul's. Igi ni wọ́n fi kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé náà. Òfin àtúnkọ́ ìlú ti ọdún 1667 pàṣẹ pé bíríkì tàbí òkúta ni kí wọ́n máa fi kọ́ ògiri ilé tuntun.

Ní nǹkan bí ọdún 1680, Nicholas Barbon, dókítà tó tún di kọ́lékọ́lé, dá ọ́fíìsì adójútòfò iná sílẹ̀ ní London. Iye tó ń gbà yẹ fún àfiyèsí wa: 2.5% owó ìyálé ọdún kan lórí ilé bíríkì, 5% lórí ilé onígi. Ilé tí owó ìyálé rẹ̀ jẹ́ £20 lọ́dún yóò san ṣílè 10 bó bá jẹ́ bíríkì, yóò sì san £1 bó bá jẹ́ igi. Èyí ni ẹ̀kọ́ kìíní tí ìtàn iye owó kọ́ wa: ohun tí a fi kọ́ ilé ló ń sọ iye tí a óò san. Owó náà di ọ̀rọ̀ ìyànjú fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé: bí o bá fi igi kọ́ ọ, ìlọ́po méjì ni wàá máa san.

Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tẹ̀lé e. Hand in Hand bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1696 gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àjùmọ̀ní, níbi tí àwọn onílé ti ń gbé òfò ara wọn, bí ọ̀wẹ̀ tí wọ́n kọ sínú ìwé. Àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ní panápaná tiwọn, wọ́n sì máa ń kan àmì tí wọ́n fi òjé ṣe mọ́ ara ògiri ilé tí wọ́n dójú tòfò rẹ̀. Àmì bẹ́ẹ̀ ṣì wà lára àwọn ilé àtijọ́ kan ní ìlú náà.

Bí ẹrù ṣe wọ inú ìwé àdéhùn

Ilé nìkan ni Barbon àti Hand in Hand ń dójú tòfò rẹ̀. Kí ló dé tí wọn kò fi ka ẹrù mọ́ ọn? Ilé kò lè rìn. Ẹni tó fẹ́ díye lé e lè wọ̀n ọ́n, kí ó ka fèrèsé rẹ̀, kí ó sì padà wá lẹ́yìn iná láti wo ohun tó ṣẹ́kù. Ẹrù lè rìn. A lè kó o jáde ní òru kí iná tó ṣẹ́. A lè sọ pé fàdákà wà nínú àpótí nígbà tó jẹ́ pé irin ló wà níbẹ̀. Olè lè jí i nígbà tí àwọn ènìyàn ń sáré pa iná. Omi tí wọ́n fi pa iná lè ba aṣọ àti ìwé jẹ́ láìṣe ògiri ní nǹkan kan.

Charles Povey ló kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ ní London, ní nǹkan bí ọdún 1708. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni Sun Fire Office ti jáde ní ọdún 1710, tí ó ń dójú tòfò ilé àti ẹrù pọ̀. Ní ọdún 1714, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan tí à ń pè ní Union sílẹ̀ láti máa ṣe ti ẹrù, nígbà tí Hand in Hand dúró sórí ilé. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: onílé kan ní London lè di ọmọ ẹgbẹ́ kan nítorí ògiri rẹ̀, kí ó sì di ọmọ ẹgbẹ́ kejì nítorí àga àti aṣọ rẹ̀.

Iná Tooley Street, ní oṣù Kẹfà ọdún 1861, fi hàn bí ewu ẹrù ṣe lè pọ̀ tó. Ilé ìkẹ́rù létí odò Thames ni ó jó, òwú, ṣúgà àti ọ̀rá sì wà nínú wọn. James Braidwood, ọ̀gá panápaná ìlú náà, kú síbẹ̀ nígbà tí ògiri wó lù ú. Òfò ẹrù náà pọ̀ débi pé àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà lórí ilé ìkẹ́rù, wọ́n sì sọ fún ìjọba pé àwọn kò lè dá gbé ìnáwó panápaná mọ́. Ìyẹn ló fa òfin ọdún 1865 tó sọ panápaná London di iṣẹ́ ìlú. Ẹ̀kọ́ kejì nìyí: ohun tó wà nínú ilé lè gbé owó ga ju ilé fúnra rẹ̀ lọ, àti pé níbi tí panápaná bá ti ṣe déédéé ni owó adójútòfò ti lè rọlẹ̀.

Èkó: ibi tí ẹrù ti ṣáájú ilé

Ní Èkó ní ọ̀rúndún 19, iná kì í ṣe àlejò. Ilé tí a fi koríko bò fún mọ́ra, iná kan sì lè gba àdúgbò kọjá. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé mú iṣẹ́ bíríkì wá, páànù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò koríko.

Òfò kan wà ní ìgbà náà tí àwa tí à ń kọ́ni ní èdè Yorùbá kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ní nǹkan bí ọdún 1862, ilé Samuel Àjàyí Crowther ní Èkó jó. Àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tó ti ń kọ sílẹ̀ fún ọdún 11, láti ìgbà tí ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ ti jáde kẹ́yìn, bá iná náà lọ. Ó kọ̀wé lẹ́yìn náà pé èyí dun òun ju gbogbo òfò yòókù lọ, nítorí pé owó kò lè rà á padà, òun kò sì lè rántí gbogbo rẹ̀ mọ́. A mú un wá síbí nítorí ó fi òpin adójútòfò hàn. Ọ̀wẹ̀ lè tún òrùlé ṣe, owó lè ra àga mìíràn, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ẹrù inú ilé tí kò sí ìwé àdéhùn tó lè dá a padà. Àfi kí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí a fi sí ibòmíràn.

Adójútòfò ti ayé òde òní wọ Nàìjíríà láti ọwọ́ àwọn oníṣòwò Òyìnbó, tí wọ́n ń ṣe aṣojú fún àwọn ilé iṣẹ́ London. Ní ọdún 1921, Royal Exchange Assurance, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní ọdún 1720, ṣí ẹ̀ka sí Èkó. Ó di ọdún 1949 kí àwọn mìíràn tó wá ṣí ẹ̀ka tiwọn. Kí ni wọ́n ń dójú tòfò rẹ̀? Ọjà ni: kòkó, epo, aṣọ àti ohun tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi àti nínú ilé ìkẹ́rù.

Èyí ni ibi tí ìtàn tiwa ti yàtọ̀. Ní London, ilé onílé ni adójútòfò iná ti bẹ̀rẹ̀, ẹrù ló tẹ̀lé e. Ní Èkó, ẹrù oníṣòwò ló ṣáájú, ilé mẹ̀kúnnù sì dúró sẹ́yìn. A rò pé èyí wà lára ìdí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa fi ka adójútòfò sí ohun ilé iṣẹ́ ńlá, tàbí ohun tí ọlọ́pàá ń bèèrè lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, tí wọn kò sì kà á sí ọ̀nà láti dáàbò bo ilé tí wọ́n ń sùn.

Ohun tí òfin sọ

Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba ṣe òfin àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ní ọdún 1961, ó dá NICON sílẹ̀ ní ọdún 1969, ó sì ṣe òfin tó gbé NAICOM ró ní ọdún 1997 láti máa bójú tó iṣẹ́ náà. Òfin ọdún 2003 ló kan ilé jù. Abala 65 rẹ̀ pa á láṣẹ pé kí a dójú tòfò gbogbo ilé tó jẹ́ ti ìlò gbogbo ènìyàn nítorí ìwólulẹ̀, iná, ìmìtìtì ilẹ̀, ìjì àti àgbàrá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé ọ́fíìsì ìjọba nìkan ni èyí kàn. Rárá o. Òfin náà ka ilé tí ayálégbé ń gbé mọ́ ọn, ó ka họ́sítẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn, ó sì ka ibi tí àwọn ènìyàn ń wọlé sí láti gba ẹ̀kọ́ tàbí ìtọ́jú. Ilé ojú-kojú tí yàrá rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá wà nínú rẹ̀, gbọ̀ngàn ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì wa náà wà nínú rẹ̀. Òfin kan náà ní kí wọ́n yọ 0.25% owó tó ń wọlé lórí adójútòfò iná sọ́tọ̀ fún ìrànwọ́ panápaná, ọgbọ́n kan náà tí London kọ́ ní ọdún 1861.

Ní ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú bu ọwọ́ lu òfin tuntun tó rọ́pò ti ọdún 2003. Ó gbé owó tí ilé iṣẹ́ tó ń dójú tòfò dúkìá gbọ́dọ̀ ní nílẹ̀ ga sí bílíọ̀nù ₦15, kí ọwọ́ wọn lè ká a láti san owó nígbà tí òfò bá dé.

Ohun kan ni a fẹ́ kí àwọn aṣojú mú lọ sílé. Adójútòfò tí òfin pa láṣẹ yìí ń wo ẹ̀bi tó lè já lé onílé lórí bí ilé rẹ̀ bá pa ẹnìkan lára tàbí ba ohun ìní rẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe àdéhùn lórí ẹrù ayálégbé fúnra rẹ̀. Bí iná bá ti inú sítóòfù ayálégbé jáde, tí ó jó ohun tó ní, ìwé onílé kò ní ra bẹ́ẹ̀dì tuntun fún un.

Bí a ṣe ń fi iye owó wéra

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe àlàyé. A fi ọwọ́ ara wa pín àwọn iye wọ̀nyí kí ìṣirò lè rọrùn. Ká ní ẹnìkan lè ta ilé àti ilẹ̀ rẹ̀ ní mílíọ̀nù ₦60. Iná kì í jó ilẹ̀. Bí ilé náà bá jó tán, mílíọ̀nù ₦40 ni yóò fi tún un kọ́. Mílíọ̀nù ₦40 yìí ni ó yẹ kí a dá lé e. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ń gba kọ́bọ̀ 20 lórí ₦100, ₦80,000 ni yóò san lọ́dún lórí ilé. Ká ní ẹrù inú rẹ̀ tó mílíọ̀nù ₦8, tí wọ́n sì ń gba kọ́bọ̀ 50 lórí ₦100. ₦40,000 ni yóò san lórí ẹrù. Ẹni tó bá wo àpapọ̀ owó nìkan yóò sọ pé ilé ló wọ́n jù. Ẹni tó bá wo ₦100 kọ̀ọ̀kan yóò rí i pé ẹrù ló wọ́n jù, nítorí ìdí tí Povey ti mọ̀ láti ọdún 1708: ẹrù lè rìn, olè lè gbé e, omi lè bà á jẹ́.

Ewu tó tún wà níbẹ̀ ni ti ẹni tó fẹ́ dín owó kù nípa dídíye kékeré lé ilé rẹ̀. Ká ní ó sọ pé mílíọ̀nù ₦20 ni ilé tó jẹ́ mílíọ̀nù ₦40, kí ó lè máa san ₦40,000 dípò ₦80,000. Iná jó ilé ìdáná, àtúnṣe rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù ₦6. Yóò rò pé wọn yóò san gbogbo rẹ̀, nítorí mílíọ̀nù ₦6 kò tó 20. Ṣùgbọ́n ìdajì iye ilé ló dójú tòfò rẹ̀, ìdajì òfò ni wọn yóò san: mílíọ̀nù ₦3. Ó fi ₦40,000 pamọ́, ó pàdánù mílíọ̀nù ₦3. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó díye lé ilé rẹ̀ bó ti yẹ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tí kò sì tún un yẹ̀ wò mọ́ nígbà tí sìmẹ́ńtì àti irin gbówó lórí.

Kí a tó sọ pé ilé iṣẹ́ kan dínwó ju èkejì lọ, ó yẹ kí a bèèrè nǹkan mẹ́rin. Ṣé iye kan náà ni àwọn méjèèjì dá lé ilé? Ṣé ewu kan náà ni wọ́n kó sínú ìwé? Ẹni tó bá rántí àgbàrá Ògùnpa ní Ìbàdàn ní ọdún 1980, tàbí bí omi ṣe bo Lọ́kọ́ja ní ọdún 2012, yóò mọ̀ pé ìwé tó dá iná nìkan mọ̀ kò tó. Ẹ̀kẹta, èló ni onílé yóò kọ́kọ́ gbé fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó san tiwọn? Ẹ̀kẹrin, ṣé iye tí nǹkan jẹ́ lónìí tí ó ti gbó ni wọn yóò san, tàbí iye tí a óò fi ra tuntun? Ìwé tó dínwó jù lè jẹ́ èyí tó kéré jù lójú gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí.

Ohun tó kàn wá

A dá àbá mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí àwọn tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni lo adójútòfò ilé láti fi kọ́ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀kejì, kí àwọn olùkọ́ ìtàn fi ọ̀wẹ̀, iná London àti ọ̀nà tí adójútòfò gbà wọ Èkó sínú ẹ̀kọ́ kan náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ̀ pé gbígbé òfò pọ̀ kì í ṣe àṣà àjèjì. Ẹ̀kẹta, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan ṣàlàyé fún òṣìṣẹ́ tó ń gbé ilé ìjọba àti fún akẹ́kọ̀ọ́ inú họ́sítẹ́ẹ̀lì ohun tí ìwé ilé náà dáàbò bò àti ohun tí kò dáàbò bò. Kí a má jẹ́ kó jẹ́ lọ́jọ́ tí iná bá jó ni wọn yóò kọ́kọ́ gbọ́.

Ìkádìí

Ìtàn tí a tọ̀ yìí fi hàn pé bí ilé bá jó, òfò méjì ló ṣẹ̀ pọ̀. Òfò ògiri jẹ́ èyí tí àwùjọ ti ń bá onílé gbé láti ayé ọ̀wẹ̀. Òfò ẹrù jẹ́ èyí tó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbà láti bá ni gbé e, tí owó rẹ̀ sì ga nítorí pé ó ṣòro láti wọ̀n. Ọ̀wẹ̀ ti ń dínkù ní àwọn ìlú wa, páànù àti bíríkì kò sì ṣeé fi ẹmu àti iyán tún ṣe. Bí a kò bá rí ohun tó dára fi rọ́pò rẹ̀, ilé ọba nìkan ni yóò máa jó tí ẹwà yóò bù sí i. Ilé olùkọ́ yóò jó, eérú ni yóò kù.